Láti Èkó dé Accra Pẹ̀lú Ọkọ̀ Ara Yín: Òǹtẹ̀ Mẹ́fà, Ìwé Ọkọ̀ Mẹ́ta

Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Accra kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Dẹ́rẹ́bà mọ ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀, ó sì mọ ibi tí gbogbo èrò ti gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú mọ́ lọ́wọ́, kì í sì í ṣe títì ló ń dá a dúró. Ìwé ọkọ̀ ni. Àwọn èèyàn á gba ìwé ìwọlé fún ọkọ̀ wọn ní Bẹ̀nẹ̀, wọn ò ní fi hàn nígbà tí wọ́n bá ń jáde, wọ́n á wọ Tógò pẹ̀lú ẹ̀rín, ọjọ́ tí wọ́n bá ń padà bọ̀ ni wọ́n á tó gbọ́ pé lójú àwọn aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀, ọkọ̀ náà kò tíì kúrò nílùú láti ọjọ́ yìí wá.

Ìṣirò tí ẹ máa mú dání nìyí. Láti Èkó dé Accra tó nǹkan bíi 460 kìlómítà. Bọ́dà mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà: Sẹ̀mẹ̀-Kraké láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, Hillacondji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Kodjoviakopé-Aflao láàárín Tógò àti Gánà. Bọ́dà kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, ti ẹni tí ẹ ń fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ àti ti ẹni tí ẹ ń wọ ìlú rẹ̀. Nítorí náà, òǹtẹ̀ mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ wà nínú pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dé Accra, ìwé ìwọlé ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta: ti Bẹ̀nẹ̀, ti Tógò, ti Gánà. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ máa padà sórí iye yìí.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní

Fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ọkọ̀:

- Pásípọ́ọ̀tù tó ṣì ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú ojú ìwé òfìfo mẹ́ta. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ òǹtẹ̀ méjìlá, àwọn kan sì máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí àárín gbùngbùn ojú ìwé bí ẹni tó ra ilẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ ECOWAS kò nílò físà fún 90 ọjọ́, àmọ́ ìwé NIN kò lè rọ́pò pásípọ́ọ̀tù.
- Yẹ́lò káàdì fún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Káàdì yìí kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi lẹ́yìn 10 ọjọ́ tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́. Ẹni tó gún un lánàá tó sì ń rìn lónìí kò ní káàdì lọ́wọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó di títí ayé.
- Fún ọmọdé tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo bá ń mú lọ: lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ òbí kejì, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì pásípọ́ọ̀tù òbí náà.

Fún ọkọ̀:

- Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yá fún títì, ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n san nígbà tí ọkọ̀ wọ Nàìjíríà, àti ìnṣọ́ránsì. Ojúlówó gbogbo wọn, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì mẹ́rin mẹ́rin.
- Brown Card ECOWAS. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń bójú tó ọkọ̀ yín ló ń ṣe é. Òun ló ń dúró fún yín tí ẹ bá kọlu ẹlòmíràn ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà. Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà nìkan kò kọjá Sẹ̀mẹ̀.
- Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.
- Lẹ́tà àṣẹ, bí orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ kì í bá ṣe ti ẹni tó ń wà á.
- Àmì WAN tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn lẹ́tà yìí ló ń sọ fún ayé pé Nàìjíríà ni ọkọ̀ ti wá.

Irinṣẹ́: táyà èkejì tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, jáàkì, sípánà táyà, ẹ̀rọ ìpaná tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kọ́ṣọ̀n onígun mẹ́ta méjì, àpótí oògùn pàjáwìrì, gílóòbù iná iwájú kan, omi rédíétọ̀ lítà mẹ́rin, okùn ìfàkọ̀.

Ìpele 1: Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbéra

Lẹ́tà àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń pẹ́ jù. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìyàwó, ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti ilé-iṣẹ́, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun yọ̀ǹda kí lágbájá wa ọkọ̀ náà lọ sí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Kí nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣásí àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù awakọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ bura sí i ní kóòtù, kí òǹtẹ̀ kóòtù wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa kó túmọ̀ rẹ̀ sí ojú ìwé kejì. Lẹ́tà tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀ àti ní Aflao. Láàárín ìlú méjèèjì, bébà lásán ni lójú ẹni tí kò lè kà á.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Brown Card, ẹ jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ lẹ́tà àti figọ̀ 17. Nínú àwọn 17 yìí, kò sí lẹ́tà I, kò sí O, kò sí Q rárá, nítorí kí àwọn èèyàn má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Nítorí náà bí ẹ bá rí O nínú nọ́ńbà ṣásí lórí ìwé èyíkéyìí, àṣìṣe ni. Òdo ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n dá dúró ní Hillacondji, lẹ́tà kan ṣoṣo ló fà á.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka nọ́ńbà ṣásí láti ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ (ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀), kí ẹlòmíràn máa wo ìwé. Ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, Brown Card àti lẹ́tà àṣẹ gbọ́dọ̀ bára mu láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, Èkó ni kí ẹ ti tún un ṣe. Kò sí ẹni tó máa bá yín tún un ṣe ní bọ́dà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìpele 2: Epo àti owó

Ọkọ̀ kékeré tó ń mu lítà 10 fún 100 kìlómítà máa jẹ nǹkan bíi lítà 46 láti Èkó dé Accra. Ẹ fi lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ kún un fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti ẹ̀rọ amúlétutù. Táǹkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré gba lítà 50 sí 55. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí ẹ bá kún táǹkì dé ẹnu l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa ra epo lójú ọ̀nà, ẹ lè rà á ní Lomé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ má dúró dé Badagry kí ẹ tó rà á. Ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú búùtù láé. Lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì nítòsí bọ́dà kì í ṣe ìpèsè ìrìn àjò, fàyàwọ́ ni.

Ní Bẹ̀nẹ̀ ẹ ó rí epo nínú ìgò gíláàsì ńláńlá létí títì. Wọ́n ń pè é ní kpayo. Ó sábà máa ń dín owó, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ayé òde òní tí ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ epo rẹ̀ kò fẹ́ ìdọ̀tí kò sì yẹ kó mu ún. Ní ilé epo Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, *essence* ni pẹtiróòlù, *gasoil* ni dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ máa dárúkọ *essence* fún ọmọ tó ń ta epo, kí ẹ sì wo ẹnu ọ̀pá kó tó tì í bọ táǹkì. Ẹni tó sọ "gas" lẹ́nu lásán lè gba dísẹ́ẹ̀lì.

Owó séfà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná. Nítorí náà ẹ ṣẹ́ náírà sí séfà lẹ́ẹ̀kan ní Sẹ̀mẹ̀, kó tó yín dé Lomé. Ní Aflao ẹ ṣẹ́ séfà tó kù sí sídì. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ yín jẹ, iye kan wà tí kì í yí: yúrò 1 jẹ́ séfà 655.957 lójoojúmọ́. Ẹ béèrè iye náírà tí wọ́n ń ra yúrò 1 l'Ékòó lówùúrọ̀ yẹn, ẹ pín in sí 656, ẹ ti mọ iye tó yẹ kí séfà 1 jẹ́. Ẹni tó ń pààrọ̀ owó gbọ́dọ̀ jèrè díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.

Ìkìlọ̀ kan fún yín: lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka owó náà tó pé, ẹ má fún un padà fún ìdí kankan. "Ẹ jẹ́ kí n tún un kà fún yín" ni ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń fa owó ńlá jáde láàárín ìdì. Bó bá ní kò pé tàbí ó lé, òun ni kó kọ́kọ́ dá náírà yín padà.

Kí ìdajì séfà yín jẹ́ owó wẹ́wẹ́ 500 àti 1,000. Tóògéètì kò fẹ́ràn bébà 10,000, ẹni tó ń ta omi létí títì kò sì ní ṣéńjì.

Ìpele 3: Sẹ̀mẹ̀-Kraké

Ẹ kúrò l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí dára. Ojú ọ̀nà láti Mile 2 lọ sí Badagry ló le jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, ibẹ̀ náà sì ni ibi àyẹ̀wò ti pọ̀ jù. Ẹ kó fọ́tòkọ́pì sọ́wọ́ iwájú, kí ojúlówó wà nínú fáìlì mìíràn. Bí wọ́n bá béèrè ìwé, fọ́tòkọ́pì ni ẹ kọ́kọ́ nà jáde. Bí wọ́n bá ta kú pé ojúlówó ni, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ má jẹ́ kó jìnnà sí ojú yín.

Àwọn ọmọ bọ́dà máa sáré wá bá ọkọ̀ yín kí ẹ tó dúró pàápàá, wọ́n á ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù wá, a máa bá yín tẹ̀ ẹ́". Ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan. Ibi tí ìrìn àjò ti ń bàjẹ́ nìyẹn: òǹtẹ̀ kan á wà, ìkejì kò ní sí, ẹni tí ẹ fún lówó á sì ti bá ọkọ̀ mìíràn lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú méjèèjì wà nínú ọgbà kan náà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tó jìnnà tí ẹ fi nílò aṣojú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe tò tẹ̀léra nìyí:

1. Ẹ páàkì, ẹ ti ọkọ̀ pa, kí ẹnì kan dúró tì í.
2. Ìmígíréṣọ̀n Nàìjíríà: òǹtẹ̀ ìjáde. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ yọjú.
3. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà: ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọkọ̀ yín sílẹ̀ pé ó ń jáde, ó sì ń padà bọ̀. Ẹ gba ìwé tó fi èyí hàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí owó. Láti January 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rí pé láti ilé ló ti jáde lè dà bí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Kútọnu.
4. Ìlera: yẹ́lò káàdì.
5. Ọlọ́pàá Bẹ̀nẹ̀ tó ń rí sí ìwọ̀lé: òǹtẹ̀ ìwọlé.
6. *Douane*, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù Bẹ̀nẹ̀: ẹ gba *laissez-passer*, ìyẹn ìwé ìwọlé ọkọ̀ tí a sọ níbẹ̀rẹ̀. A ó máa pè é ní lésépasé. Owó wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè *quittance*, ìwé ẹ̀rí owó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò* kí ẹ tó tan iná ọkọ̀: òǹtẹ̀ méjì nínú pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ tó wà lórí méjèèjì hàn kedere. Lórí lésépasé, ẹ wo nǹkan mẹ́ta: nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣásí (ẹ rántí ọ̀rọ̀ O àti òdo), àti ọjọ́ tó máa parí. Bí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ, tí ẹ sì fẹ́ sùn ní Ouidah fún ọ̀sẹ̀ kan, ìsinsìnyí ni kí ẹ sọ ọ́.

Ìpele 4: Títì Bẹ̀nẹ̀

Láti Kraké dé Kútọnu kò tó 40 kìlómítà. Ní oríta Sèmè-Podji, ọ̀tún lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ lọ tààrà. Tóògéètì Ekpè wà níwájú. Ní ọjà àti ní ilé oúnjẹ, ẹ máa rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá; ní ibi àyẹ̀wò, Faransé ni. Kò dìgbà tí ẹ bá lọ sílé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó lè dáhùn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún awakọ̀ kò ju díẹ̀ lọ:

- *Carte grise*: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀.
- *Permis*: láísẹ́ǹsì ìwakọ̀.
- *Assurance*: Brown Card ni kí ẹ nà jáde.
- *Visite technique*: ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yá fún títì.
- *Extincteur*: ẹ̀rọ ìpaná.
- *Garez-vous*: ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ páàkì.
- *Coupez le moteur*: ẹ pa ẹ̀rọ.
- *Ouvrez le coffre*: ẹ ṣí búùtù.

Kí ẹ tó na ìwé kankan, *Bonjour, chef* ni. Ẹni tí kò kí èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti jẹ̀bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Nǹkan mẹ́ta ló ń kó awakọ̀ Nàìjíríà sí wàhálà níbí. Èkíní ni ọ̀kadà. Ní Kútọnu wọ́n ń pè é ní *zémidjan*, wọ́n pọ̀ bí esú, ní àwọn títì ńlá wọ́n sì ní ojú ọ̀nà tiwọn létí. Ẹ má wọ ibẹ̀ láti fi yẹra fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kí ẹ sì wo díńgí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó yí sọ́tùn-ún.

Èkejì ni ẹ̀tọ́ ọ̀nà. Ní oríta tí kò ní iná tàbí àmì, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé títì tiyín ló fẹ̀ jù. Ní ráńdábáótì, ẹ wá àmì *Cédez le passage* (ẹ fún ẹlòmíràn lọ́nà). Bó bá wà lẹ́nu ọ̀nà tiyín, ẹ dúró fún ẹni tó wà nínú. Bí kò bá sí, ẹ má fọkàn tán pé ẹni tó ń wọlé láti ọ̀tún máa dúró fún yín.

Ẹ̀kẹta ni okùn. Níbi àyẹ̀wò, okùn tàbí igi lè dábùú títì láìsí iná lórí rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ yí i ká, ẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró, ẹ dín iná iwájú kù, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bó bá ti ṣú, kí ẹ dúró títí wọn á fi fi okùn sílẹ̀.

Ní Kútọnu, ẹ gbìyànjú láti kọjá láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní Godomey títì pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Calavi àti òkè ọya, èkejì lọ sí Ouidah àti Lomé. Ẹ̀ka tó kọ Ouidah tàbí Lomé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń kọjá níwájú yunifásítì ní Calavi, ẹ ti ṣìnà. Tóògéètì Ahozon wà kí ẹ tó dé Ouidah. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Comè àti Grand-Popo. Ẹ máa dín eré kù ní gbogbo abúlé. Bọ́ǹpù ibẹ̀ ga, òmíràn kò sì ní ọ̀dà funfun lórí.

Nọ́ńbà fóònù kan tó ń yọ èèyàn lẹ́nu: láti November 30, 2024, gbogbo nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di figọ̀ mẹ́wàá, 01 ló sì bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà ilé ìtura tàbí ti ìbátan tí ẹ fi pamọ́ bá jẹ́ figọ̀ mẹ́jọ, ẹ fi 01 síwájú rẹ̀ lẹ́yìn +229.

Ìpele 5: Hillacondji, ibi tí wọ́n ti ń gbàgbé

Ìpele yìí ni a tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Bọ́dà yìí kò le, wọ́n ń yára, ojú ti rẹ awakọ̀, ó sì rọrùn láti wà á kọjá lọ sí fèrèsé Tógò tààrà.

1. Òǹtẹ̀ ìjáde Bẹ̀nẹ̀.
2. *Douane* Bẹ̀nẹ̀: ẹ mú lésépasé jáde, ẹ sọ pé ọkọ̀ ń jáde. Wọ́n lè gba ìwé náà, wọ́n sì lè tẹ òǹtẹ̀ ìjáde lé e kí wọ́n dá a padà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú méjèèjì ná.
3. Òǹtẹ̀ ìwọlé Tógò.
4. *Douane* Tógò: lésépasé tuntun. Ti Bẹ̀nẹ̀ kò wúlò níbí.

Bí ẹ bá ń padà gba ọ̀nà yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ *Douane* Bẹ̀nẹ̀ bóyá lésépasé tó wà nílẹ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ fún àbọ̀, tàbí tuntun ni ẹ máa gbà. Ìdáhùn náà ló máa sọ bóyá kí ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ tàbí kí ẹ mú un lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* òǹtẹ̀ ti di mẹ́rin. Fọ́tò lésépasé Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ pa wà lórí fóònù. Lésépasé Tógò wà lọ́wọ́, nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ pé. Ẹ fa aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan. Tógò àti Gánà ń tẹ̀ lé aago kan náà, Bẹ̀nẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ti Nàìjíríà.

Ìpele 6: Tógò àti Aflao

Etí òkun Tógò kò gùn. Aného ló kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà Lomé. Kò tó 60 kìlómítà lápapọ̀. Tírélà ló pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté kí ẹ tó wọ ìlú, wọ́n sì ń páàkì sí etí títì láìtan iná. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ẹ sùn ní Lomé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ti ṣètò rẹ̀ láti ilé pé Lomé lẹ ó sùn. Wíwa 460 kìlómítà àti bọ́dà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣeé ṣe, àmọ́ ẹni tó bá dé Aflao lálẹ́ pẹ̀lú ojú tó ti rẹ̀ ni ọmọ bọ́dà ń wá.

Lomé ni ìlú tí bọ́dà wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé títì etí òkun lọ sí ìwọ̀ oòrùn, adúgbò Kodjoviakopé á parí, Gánà á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé àwọn ti débẹ̀ títí géètì fi yọ níwájú. Nítorí náà ẹ kún táǹkì, ẹ jẹun, ẹ ka séfà yín kí ẹ tó yí sí títì yẹn.

Bí a ti ṣe é ní Hillacondji náà ni a máa ṣe é níbí: òǹtẹ̀ ìjáde Tógò, lésépasé Tógò sí *Douane*, òǹtẹ̀ ìwọlé Gánà, ìwé ọkọ̀ lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù Gánà. Gẹ̀ẹ́sì ti padà. Wọ́n lè béèrè ibi tí ẹ máa dé sí. Kí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ilé náà wà lórí bébà, kì í ṣe lórí fóònù tí kò ní nẹ́tíwọ̀kì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* òǹtẹ̀ mẹ́fà. Ìwé ọkọ̀ Gánà pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ọkọ̀ lè lò. Ẹ kọ ọjọ́ ìparí náà sórí fóònù yín, kó máa dún ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú pásípọ́ọ̀tù àti èyí tí wọ́n kọ sórí ìwé ọkọ̀ lè má bára mu. Èyí tó kéré jù ni tiyín.

Ìpele 7: Aflao dé Accra

Ó tó nǹkan bíi 190 kìlómítà: Akatsi, afárá odò Volta ní Sogakope, Dawhenya, Tema. Búrẹ́dì Sogakope dùn. Ẹ rà á. Ibi àyẹ̀wò wà lóríṣiríṣi. Wọ́n á wo bẹ́líìtì, ẹ̀rọ ìpaná àti kọ́ṣọ̀n onígun mẹ́ta. Kọ́ṣọ̀n méjì ni kí ẹ fi hàn. Nínú ìlú, eré kò gbọdọ̀ ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Fóònù lọ́wọ́ awakọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n sì ń mú èèyàn fún un.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kọ́ṣọ̀n kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí tẹ̀yìn jìnnà dáadáa. Nọ́ńbà pàjáwìrì Gánà ni 112. 191 ni ọlọ́pàá, 193 ni ọkọ̀ aláìsàn. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, 118 ni panápaná.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má parí rẹ̀ sí ojú títì pẹ̀lú owó. Ẹ gba ìròyìn ọlọ́pàá, ẹ ya fọ́tò, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ kejì, kí ẹ sì kàn sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ṣe Brown Card yín lọ́jọ́ náà. Láìsí ìròyìn ọlọ́pàá, ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó.

Ìpele 8: Àbọ̀

Ohun tí ẹ ṣe nígbà àlọ náà ni, ẹ kàn yí i padà: òǹtẹ̀ mẹ́fà mìíràn, kí ìwé ọkọ̀ Gánà di pípa ní Aflao. Nǹkan méjì ló yàtọ̀.

Aago yín máa sáré síwájú ní Hillacondji. Ẹni tó kúrò ní Lomé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kúrò ní aago mẹ́sàn-án Èkó. Wákàtí kan tí ẹ jèrè nígbà àlọ, àbọ̀ ló máa gbà á padà, tí ẹ kò bá sì ṣọ́ra, inú òkùnkùn ọ̀nà Badagry lẹ ó ti san án.

Èkejì ni búùtù. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kì í gba ìrẹsì wọlé láti orí ilẹ̀, ì báà jẹ́ àpò kan fún ìyá àgbà. Adìẹ dídì náà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tuntun tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ máa ń mú ìbéèrè wá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí, kí ìwé ẹ̀rí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́. Nígbà náà ni ẹ máa mú ìwé ìjáde ọkọ̀ tí ẹ gbà ní Sẹ̀mẹ̀ jáde, pẹ̀lú ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù ti tẹ́lẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣásí orí méjèèjì bá bára mu pẹ̀lú ti ara ọkọ̀, kò sí ìbéèrè tó kù lórí ọkọ̀.

Ní ilé, ẹ ka òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan: méjìlá. Bó bá jẹ́ mọ́kànlá, ẹ wá èyí tó sọnù lónìí, kí ẹ kọ orúkọ bọ́dà náà àti ọjọ́ tí ẹ kọjá sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú quittance ọjọ́ yẹn papọ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù. Ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n máa béèrè rẹ̀.